Àgbébọ̀ Tí Ìyá Mi Fún Mi Sìn

Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, adìyẹ kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo ìran adìyẹ ìyá mi, ọ̀dọ̀ mi ní Kábbà ló sì wà. Òpìpí ni, ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ tí ìyẹ́ wọn kì í kún, tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n máa ń rò pé ẹnì kan ló tu wọ́n dé ìdajì tó wá yí ọkàn padà. Pupa ni. Ọrùn rẹ̀ ń dán bí epo tuntun, ìyẹ́ apá rẹ̀ sì ká sókè bí etí ìwé ọmọ ilé-ìwé. Bí mo bá gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, kílò kan àti díẹ̀ ló máa ń jẹ́.

Kì í ṣe tèmi. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn lè fún ọ ní adìyẹ sìn. Ìwọ ni yóò máa fún un lóúnjẹ, ìwọ ni yóò máa tì í mọ́lé nírọ̀lẹ́. Bó bá pa ọmọ, ẹ ó pín àwọn ọmọ náà sí méjì, ṣùgbọ́n àgbébọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó fún ọ ló ni ín títí láé. O kò gbọdọ̀ pa á, o kò gbọdọ̀ tà á. Bó bá ń ṣàìsàn, kíá ni kí o ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Bó bá sì kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lo máa gé lọ fi hàn án, kí ó lè mọ̀ pé kì í ṣe inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ ló parí sí. Òfin yìí kò yọ ìyá àti ọmọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá mi fún mi ní òpìpí náà, ó jókòó sórí àga, ó ní kí n kúnlẹ̀, ó sì ka òfin náà fún mi látòkèdélẹ̀ bí ẹni pé kò rí mi rí.

Ìyá tó bí òun náà ló fún un ní òpìpí àkọ́kọ́, nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ní Ìyàrá. Láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ adìyẹ yẹn ni a dàgbà sí. Àmọ́ nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú èyí tí mo ń sọ, lúkúlúkú, àrùn tó máa ń gbá adìyẹ lọ bí ìgbálẹ̀, wọ àgbàlá ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi kó gbogbo wọn. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá a tó ń gbálẹ̀, ó ń kó ìyẹ́ tó kù sílẹ̀ jọ sẹ́nu iná. Kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ó ku tọwọ́ rẹ."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi mọ́.

Mo fẹ́ràn adìyẹ. Akọ̀wé ìjọba ni mí, n kò sì kọ́ iṣẹ́ adìyẹ ní ilé-ìwé kankan. Lórí rédíò ni mo ti gbọ́ díẹ̀. Lẹ́nu ọkùnrin tó ń ta oògùn ẹran ní ọjà ni mo ti gbọ́ díẹ̀ sí i. Inú adìyẹ gan-an ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù. Adìyẹ yòówù tó bá kú ní àdúgbò wa, mo máa ń tọrọ rẹ̀, mo máa ń fi ọ̀bẹ ìdáná là á lórí pákó lẹ́yìnkùlé, kí n lè rí ibi tí ọ̀nà ọ̀fun gbà, bí iwe ṣe le, bí ẹ̀dọ̀ ṣe rí lára adìyẹ tí àrùn pa àti lára èyí tí mọ́tò pa. Ọkọ mi máa ń sọ pé ẹni tó bá bá mi níbẹ̀ lójijì, yóò sá padà. Mo ní ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí: ọjọ́ tí adìyẹ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yé, àwọ̀ ìgbẹ́ wọn, iye ìgbà tí wọ́n mí láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí wọ́n bá dúró jẹ́ẹ́. Oògùn àjẹsára lúkúlúkú, inú fúláàsì tí mo kó yìnyín sí ni mo máa ń gbé e bọ̀ láti ọjà, kí oòrùn má baà pa á, màá sì kán an sójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kán an sójú òpìpí náà pẹ̀lú, lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí i ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ká ọrùn wọ èjìká, tó ju apá méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó wọ agbádá tó tóbi jù ú lọ, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò gbà pé lúkúlúkú ni.

Àlájì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ló ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo adìyẹ, ó wò mí.

"Dókítà," ó ní, "aláìsàn rẹ yìí ò kí èèyàn mọ́ o."

"Òtútù ni, Àlájì."

"Òtútù kẹ̀? Òtútù ń mú èmi náà, mo ṣì jẹ iyán láàárọ̀ yìí." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wò ó dáadáa. "Jẹ́ kí n lọ mú ọ̀bẹ wá kó tó di òkúǹbete. Tó bá fúnra rẹ̀ kú, èmi ò ní lè bá ọ jẹ níbẹ̀ mọ́, o sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn itan."

"Adìyẹ ọ̀sìn ni, Àlájì. Kì í ṣe tèmi."

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá mi ni."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kíá. "Háà! Ìyá Ìyàrá? Èmi ò dá sí i. Ọ̀bẹ mi ò mọ ọ̀nà ilé yìí. Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà." Ó ti fẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó yíjú padà. "Ṣé o ti sọ fún un?"

Mo ní màá sọ fún un. N kò sọ.

Mo gbé òpìpí náà lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti orí lọ sí ìdí bí mo ṣe máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ mọ́, kò sí ìfófòó níbẹ̀. Imú rẹ̀ gbẹ. Mo gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀: kò sí ariwo kankan nínú èémí rẹ̀. Ogbe orí rẹ̀ ti ṣí, ó rí bí aṣọ pupa tí wọ́n ti fọ̀ jù. Ọrùn rẹ̀ kò lọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè fi lúkúlúkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tú ìyẹ́ abẹ́ apá rẹ̀ wò, n kò rí iná ara kankan. Mo fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín egungun ìdí rẹ̀ méjèèjì, ìka méjì wọlé síbẹ̀ dáadáa, n kò sì bá ẹyin tó há. Ìgbẹ́ rẹ̀ kéré, ó ṣàn, ó ní àwọ̀ ewé. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, mo wá fọwọ́ kan àpò oúnjẹ rẹ̀, ìyẹn àpò tó wà lápá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ọ̀fun, níbi tí ohun tí adìyẹ bá ṣà jẹ máa ń dúró sí kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú iwe. Ó kún. Mo mí kanlẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: *Ó ń jẹun.*

Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, tí adìyẹ bá ti ń wọlé ní méjì méjì, a ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn àgò wọn, a ó máa gbá wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fọwọ́ kan ọ̀fun wọn, a ó sì ké sí ìyá mi nínú ilé ìdáná: "Ó kún! Ó kún! Èyí ò kún!" Èyí tí kò bá kún, ìyá mi á ju ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà kan sí wa, a ó fún un kó tó wọlé. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn èéfín ìrọ̀lẹ́ yẹn. Mo ṣì mọ bí àpò oúnjẹ tó kún ṣe máa ń rí lọ́wọ́: ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń wúwo díẹ̀, bí àpò tí wọ́n da èkùrọ́ sí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ ìwé mi, kò sí ohun tó dá mi lójú tó èyí. Adìyẹ tí àpò rẹ̀ kún nírọ̀lẹ́, adìyẹ tó yè ni.

Níwọ̀n bó ti ń jẹun, mo pinnu pé aràn ni. Mo fún un ní oògùn aràn. Nígbà tó di Sátidé tí kò yí padà, mo tú kápúsù aláwọ̀ méjì sínú omi, èyí tí gbogbo ayé ń lò fún gbogbo nǹkan, mo sì ń fi ṣíbí kán an sí i lẹ́nu. Mo gún aáyù, mo pò ó mọ́ epo. Mo gbé ìkòkò èédú sẹ́bàá àgò rẹ̀ nítorí ọyẹ́, torí pé òpìpí kò ní ìyẹ́ tó lè fi bo ara. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, mo fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀: ó kún. Nírọ̀lẹ́ Sunday: ó kún. Síbẹ̀ egungun àyà rẹ̀ ti ń yọ bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, nígbà tí mo sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó ti fúyẹ́ débi pé mo gbọn òṣùwọ̀n náà wò, mo rò pé ó ti bàjẹ́. Adìyẹ tó ń jẹun tó sì ń rù. Mo jókòó tì í, n kò mọ ohun tí mo lè kọ.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ìyá mi pè mí lórí fóònù.

"Okun o," ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa nílé. "Adìyẹ mi ńkọ́?" Àṣà rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí lúkúlúkú ti kó tirẹ̀: yóò bèèrè adìyẹ, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ mi, lẹ́yìn náà ọkọ mi, èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn.

"Ó wà, Iye." Bí a ṣe ń pe ìyá nílé wa nìyẹn.

"Ó wà báwo?"

Mo dákẹ́. Ìyá mi kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí ìdákẹ́ yẹn. Yóò kàn máa mí sínú fóònù títí tí wàá fi jẹ́wọ́. Mo jẹ́wọ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Jímọ̀."

"Òní ti di Sunday." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Mú un bọ̀ lọ́la."

"Ọ̀la Mọ́ńdè, Iye. Ibi iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ṣé ibi iṣẹ́ ló fún ọ ní adìyẹ sìn?"

Mo gba ìyọ̀ǹda. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbé òpìpí náà sínú agbọ̀n, mo fi aṣọ bò ó, mo sì wọ mọ́tò Ìyàrá. Awakọ̀ ní òun máa gba owó èrò lọ́wọ́ adìyẹ náà torí pé ó jókòó síwájú. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo ń gbé lọ fún àwọn ará ilé. Mo ní rárá, ó ń ṣàìsàn ni, mo ń gbé e lọ fún ìtọ́jú. Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ìyá mi wà nílé, ó ń wú ikọ́ láti oṣù tó kọjá," ni ọkùnrin kan wí, "kò sẹ́ni tó wọ mọ́tò nítorí tirẹ̀."

"Ṣé ó máa ń yé ẹyin ni?" ni awakọ̀ dáhùn.

N kò lè rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ aṣọ náà, mo ń fi ìka kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà láti mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná. Eruku ọyẹ́ ti bo àwọn òkè ọ̀nà débi pé wọn kò yàtọ̀ sí ìkùukùu. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni pé bó bá kú sínú agbọ̀n yìí, màá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ìyá mi, lẹ́yìn náà kò ní sí òpìpí kankan mọ́.

Ìyá mi kò bú mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn nígbà yẹn, ó sì gba adìyẹ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó gba ìkókó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo ti ṣe fún un: oògùn aràn, kápúsù, aáyù, èédú. Mo ṣí ìwé mi, mo ń kà á.

"Ó dáa," ló wí. "Fi agbọ̀n dé e mọ́lẹ̀. Má fún un ní nǹkan kan. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ omi, má fún un."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Ní ìdájí, kó tó di pé wọ́n pe ìrun, ó jí mi. Ó ti gbé adìyẹ náà sórí itan, ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní ọ̀fun rẹ̀. "Mú ọwọ́ rẹ wá," ó ní. Mo fọwọ́ kàn án. Ó kún, ó sì le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n.

"Kí ló jẹ lóru?" ni ìyá mi bi mí.

Kò jẹ nǹkan kan. Kò sí ohun tó wà lábẹ́ agbọ̀n yẹn bí kò ṣe ilẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò yẹn lálẹ́ àná náà ló ṣì wà níbẹ̀, òun náà ló wà níbẹ̀ ní Sátidé, òun náà ló wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi.

"Ìgbà wo lo máa ń fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Nírọ̀lẹ́ ni, Iye. Bí ẹ ṣe kọ́ wa."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹnu tí kò ní eyín púpọ̀ mọ́. "Ti ìrọ̀lẹ́ ni mo kọ́ yín. Ti ìdájí, nígbà wo ni mo fẹ́ kọ́ yín? Ẹ ti gbé ìkòkò lọ sódò."

Òótọ́ ni. Ní gbogbo ìdájí ìgbà èwe wa, àwa ọmọbìnrin wà lọ́nà odò, a ń bú ara wa nínú òtútù, a ń sáré kí omi tó dàrú. Nígbà tí a bá fi máa padà dé, adìyẹ ti jáde, wọ́n ti ń tan ilẹ̀. A kò rí ìyá wa rí tó jókòó sẹ́nu àgò kó tó ṣílẹ̀kùn, tó ń fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́dọ̀ kún. Ìdájí, ó gbọ́dọ̀ ṣófo. Èyí tó bá kún ní ìdájí, ohun kan ti dí ọ̀nà. Àádọ́ta ọdún ni mo fi gbé ìdajì ẹ̀kọ́ kan kiri, mo sì kó o sínú ìwé bí ẹni pé odindi ni.

A kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà tó rọrùn. Ìyá mi ní kí n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti epo díẹ̀ sí i lẹ́nu, ó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ àpò náà jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun. Ó ṣe é láàárọ̀, ó ṣe é lọ́sàn-án, ó tún ṣe é nírọ̀lẹ́. Ní ìdájí Wẹ́sìdeè, ó ṣì le bákan náà. Adìyẹ náà kò la ojú dáadáa mọ́.

"A ó là á," ni ìyá mi wí.

"Ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

"Mo rí ìyá mi tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n báyìí. Ìwọ lo máa là á."

Mo ti la ọ̀pọ̀ òkú adìyẹ. N kò tíì la èyí tó ń mí rí. Mo fi ọtí spírítì nu ọwọ́ mi. Mo se abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo ra bíléèdì tuntun, mo bu iyọ̀ sínú omi tó ti hó tó sì ti tutù. Ìyá mi tẹ́ aṣọ sórí itan, ó gbé adìyẹ náà sí i, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì fi bo orí adìyẹ náà. Adìyẹ tí òkùnkùn bá bò lójú máa ń rọ̀; ara òpìpí náà rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo tu ìyẹ́ tó wà lórí àpò náà. Mo wá ibi tí n kò rí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan lábẹ́ awọ, lápá òkè, kí oúnjẹ má baà máa tẹ ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn náà. Mo la awọ òde, ìbú ìka méjì. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpò náà gan-an wà, ó tinrin, ó ń dán. Mo la ìyẹn náà, ó kéré sí ti òde.

Òórùn tó jáde dà bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi ìka méjì fa ohun tó wà níbẹ̀. Kò fẹ́ bọ́. Mo tún fà á, ó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀: koríko gbígbẹ, èèpo ẹ̀gúsí, iyanrìn, gbogbo rẹ̀ sì wé mọ́ okùn gígùn kan tó funfun, tó ń dán. Nígbà tó jáde tán, ó tó ẹyin kan.

Ìyá mi na ọwọ́, ó fọwọ́ pa okùn náà. "Kí lèyí?"

Mo ti mọ̀ ọ́n kí ó tó bèèrè. Fọ́nrán àpò ìrẹsì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ yẹn, mo kó gbogbo koríko inú ìtẹ́ àwọn adìyẹ mi jù nù torí pé iná ara máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, mo gé àpò ìrẹsì dípò rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọgbọ́n tuntun ni. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ọwọ́ mi ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

"O lé iná ara jáde," ló wí, "o wá fi okùn bọ́ ọ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Rán an. Kò ní lè máa dúró dè wá."

Mo fi omi iyọ̀ fọ inú rẹ̀. Mo rán àpò náà lọ́tọ̀, mo rán awọ òde lọ́tọ̀, torí pé bí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀, oúnjẹ yóò máa jò. Mo mọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n wà lọ́tọ̀. Ìyá mi ló mọ irú kókó tí kì í tú, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n tọ́ ọwọ́ mi títí mo fi ta gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò nílé ìyá mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo rán an, a kò fún un ní nǹkan kan bí kò ṣe omi ṣíbí kan. Ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ mímu tó ṣàn, ìwọ̀nba díẹ̀. Ó ń jókòó lábẹ́ agbọ̀n, kò mi ara. Ìyá mi ń lọ ṣe àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ̀, kò bi mí ní nǹkan kan. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ bèèrè ohun tí kò fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jí mi ní ìdájí.

"Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣófo. Awọ lásán ni, ó rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́ bí àpò aṣọ tí wọ́n ti ná owó inú rẹ̀ tán. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá fẹ́ràn adìyẹ pé mo bú sẹ́kún lórí àpò tó ṣófo. Ìyá mi gbé e sílẹ̀. Òpìpí náà dúró díẹ̀, ó gbọn ara, ó fi ẹsẹ̀ kan tan ilẹ̀.

Nígbà tí mo ń múra àtilọ, mo kúnlẹ̀, mo bi í bóyá yóò gba adìyẹ rẹ̀ padà. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta pa àìsàn rẹ̀ mọ́.

"Kí n gbà á fún ta ni?" ó ní. "Fún èmi tí n kò ríran? Gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kó àpò rẹ jù nù."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, òpìpí náà sàba lórí ẹyin mẹ́sàn-án. Àkùkọ òpìpí kò sí mọ́, àkùkọ Àlájì ló gùn ún. Ó pa méje. Mo ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́ títí ìyẹ́ fi yọ, mo sì rí i pé mẹ́rin ni ìyẹ́ wọn ká sókè. Mo gbé wọn lọ sí Ìyàrá láti pín wọn. A pín mẹ́ta mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan, abo kan tó jẹ́ òpìpí. Mo ní kí ìyá mi mú un. Ó ní kí n mú un. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi ní tirẹ̀ ni, torí pé àgbàlá rẹ̀ ṣófo.

"N kò ní kó wọn sí àgbàlá kan ṣoṣo," ló wí, ó sì ti ẹyọ náà padà sọ́dọ̀ mi. "Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, àìsàn kan ló máa kó o lọ."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìkòyí tó wà nítòsí Ìyàrá ní ọ̀kan nínú mẹ́ta tirẹ̀ sìn, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ayétòrò, ó sì ní kí n gbé ọ̀kan fún ìyàwó Àlájì. Gbogbo wọn ló gbọ́ òfin náà látòkèdélẹ̀. Àlájì ní òun kò tíì rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí, pé adìyẹ á máa sanra lójú òun, òun kò sì gbọdọ̀ pọ́n ọ̀bẹ.

Ìyá mi kú nígbà òjò ọdún kejì. Nígbà tí àlejò ti dín kù nílé, obìnrin Ìkòyí náà wá, ó gbé agbọ̀n lérí. Ó kí mi kú àfẹ́rakù, ó jókòó, ó sì ṣí agbọ̀n náà. Ọmọ adìyẹ ló wà níbẹ̀.

"Ìyá yín fún mi ní adìyẹ sìn," ó ní. "Ó pa mẹ́jọ, àṣá gbé méjì. Mo wá pín in."

Mo ní kó máa mú gbogbo wọn lọ, pé ẹni tó ni ín ti lọ.

"Ṣé torí pé ẹni tó ni ín kú ni kí n wá di olè?" Ó ti agbọ̀n náà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ mú tìyá yín."

Mo mú ọ̀kan. Ó ní kò tó. Mo mú èkejì, ó ṣì ń wò mí. Nígbà tí mo mú ẹ̀kẹta, ó kà wọ́n lẹ́sẹ̀ mi, ó bo agbọ̀n rẹ̀, ó sì ní kí n fún òun lómi mu.